Báàgì lásán, wọ́n ní gẹ́tò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi nílé lóko àti lẹ́yìn odi. Èmi nìkan náà ni mo tún jókòó ti máìkì lónìí, ẹ bá mi fara dà á.

Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn okùn báàgì mi já, mo fi sẹ́lótéèpù wé e, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ni ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní "gẹ́tò nìyí o." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti wá ń rò ó pé, báàgì mà ni, kí ló kan gẹ́tò níbẹ̀?

Torí gẹ́tò gangan, Venice ní Ítálì ni, lọ́dún 1516, ibi tíjọba ní káwọn Júù máa gbé nìyẹn, tílẹ̀ bá ti ṣú wọ́n á ti géètì pa, owó àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ wọn, àwọn Júù yìí náà ni wọ́n ní kó máa san án. Ẹ ò rọ́dájú! Olówó wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀. Ìṣẹ́ kọ́ ló kó wọn síbẹ̀, òfin ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wá rìn rìn rìn, ó di àdúgbò tálákà, ó di ìwà, ó wá di okùn báàgì mi.

Sílọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Nǹkan márùn-ún ni UN-Habitat, àjọ UN tó ń rí sọ́rọ̀ ilé gbígbé, ń wò: omi, ilé ìyàgbẹ́, ilé tó dúró re, àyè tó gba èèyàn, àti pé wọn ò ní ṣàdédé lé ẹ jáde. Ibi tí ọ̀kan nínú wọn ò bá ti sí, sílọ́ọ̀mù nìyẹn. Ẹ bá mi wá olè tàbí ọ̀lẹ nínú márààrún.

Ti Brasil ló wá le jù. IBGE tó ń ka èèyàn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pe favela, ìyẹn àdúgbò àwọn tálákà níbẹ̀, ní aglomerados subnormais, ìṣùpọ̀ ilé tí ò tó bó ṣe yẹ, àbí ẹ gbọ́? Àwọn tó ń gbénú ẹ̀ wá ńkọ́, àwọn náà ò tó ni? Ọdún 2024 ni wọ́n tó pa á tì, lẹ́yìn tí wọ́n báwọn ará ibẹ̀ jókòó sọ ọ́, wọ́n padà sí favela.

Kí n má purọ́ ṣá, èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ẹnì kan fi fọ́tò ilé kan hàn mí, páánù ti dípẹtà, mo ní "sílọ́ọ̀mù wo rèé?" Ó gba fóònù ẹ̀ lọ́wọ́ mi wẹ́rẹ́, ó ní, "Ilé ìyá mi ni."