Ta Ló Ń Bẹ Ta Lẹ́yìn Ogun? Ọ̀rọ̀ Ìwé Ìdáríjì ní Amẹ́ríkà, 1865

Ẹ káàsán o, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé téèyàn bá ti ní ìdáríjì ìjọba lẹ́yìn ogun abẹ́lé báyìí, ọkàn ọ̀pọ̀ wa á ti sáré lọ sọ́dọ̀ Ojukwu, bó ṣe sá lọ sí Ivory Coast níbẹ̀rẹ̀ 1970 tó sì wà níbẹ̀ títí Shagari fi dárí jì í ní 1982 tó fi padà wálé. Màá fẹnu kan ibẹ̀. Àmọ́ Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí, torí ibẹ̀ ni mo ti wá rí i kedere pé tí ìjọba bá ní òun dárí ji ẹnì kan, ká yáa wo ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti máa gba nǹkan.

Ogun tiwọn, àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó fẹ́ yapa kí ẹrú má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn ló dá a sílẹ̀, láti 1861 sí 1865. Oṣù kẹrin 1865 ni Robert E. Lee, ọ̀gágun wọn, túúbá fún Grant, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ kan sígbà yẹn tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Lincoln, ni Andrew Johnson tó jẹ́ igbákejì ẹ̀ bá bọ́ sórí àga. Johnson yìí, ọmọ tálákà ni, iṣẹ́ télọ̀ ló kọ́, gúúsù náà ló ti wá, inú ẹ̀ ò sì dùn rárá sí àwọn olówó tó nílẹ̀ rẹpẹtẹ tí wọ́n ń fojú pa irú ẹ̀ rẹ́.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ló gbé ìkéde jáde pé ẹni tó bá ti búra pé òun á máa ṣe ti ìjọba àpapọ̀ láti ìsinsìnyí lọ, wọ́n ti dárí jì í, kó sì máa lo dúkìá ẹ̀ bó ṣe wà, àyàfi ẹrú. Ó wá yọ oríṣi èèyàn mẹ́rìnlá sọ́tọ̀. Àwọn ọ̀gágun wà níbẹ̀, àwọn tó di ipò mú nínú ìjọba ọlọ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá lọ́wọ́ sí ọ̀tẹ̀ náà tí ohun ìní ẹ̀ ju 20,000 dọ́là lọ náà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn, ìbúra nìkan ò gbà wọ́n, àfi kí kálukú jókòó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ààrẹ.

Ẹ fojú inú wò ó, ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹrú rẹpẹtẹ lóko òwú lánàá, òun ló di kálàmù mú yìí, tó ń bẹ ọmọ télọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ọ́ pé àwọn ò tiẹ̀ fara mọ́ ìyapa yẹn látilẹ̀, ìpínlẹ̀ àwọn làwọn tẹ̀ lé. Wọ́n á wá gómìnà tó máa bá wọn fọwọ́ sí i, ìwé á dé ọ́físì agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, á wá dé iwájú ààrẹ. Èrò kún White House fọ́fọ́, tọkùnrin tobìnrin, àwọn alágbàbẹ̀ kan tiẹ̀ sọ ọ́ di iṣẹ́, wọ́n ń gbowó kí wọ́n lè bá èèyàn sáré ìwé. Johnson tó ní òun kórìíra àwọn olówó wá ń fọwọ́ sí i lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé.

Lee náà kọ tiẹ̀ lóṣù kẹfà, Grant sì bá a gbè é, ṣùgbọ́n Lee ò fi ìwé ìbúra sí i. Ó padà búra ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́, ìwé bá wọlé sínú ìwé. Lee kú ní 1870. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí ìbúra yẹn níbi tí ìjọba ń kó ìwé pamọ́ sí, tí Ààrẹ Ford sì dá ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè padà fún un ní 1975. Jefferson Davis tó jẹ́ ààrẹ ọlọ̀tẹ̀ kọ̀, kò bẹ̀bẹ̀ títí ó fi kú.

Ní tiwa ńbí, Gowon ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ́gun, àwọn èèyàn ò kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ kankan, síbẹ̀ ọmọ Igbo tó ní owó ní báńkì, £20 ni wọ́n kà lé ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́, ilé wọn ní Port Harcourt sì di ilé tí wọ́n ní olówó ẹ̀ pa tì. Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì ẹ̀ ni. Ẹni tó ṣọ̀tẹ̀ gba ilẹ̀ ẹ̀ padà, ẹni tí wọ́n fi ṣẹrú ni ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Torí ní oṣù kìíní 1865, Jẹ́nẹ́rà Sherman, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀, ti pàṣẹ pé kí wọ́n pín ilẹ̀ etíkun South Carolina, Georgia àti Florida fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, ìdílé kan ò ní gbà ju ẹ́kà 40 lọ. Bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ló ti ń dáko síbẹ̀. Ìwé ìdáríjì wá ń jáde, àwọn onílẹ̀ àtijọ́ sì ń gbé e bọ̀ lọ́wọ́. Johnson rán Jẹ́nẹ́rà Howard, ọ̀gágun tí ogun ti gé lápá ọ̀tún, pé kó lọ sọ fún àwọn èèyàn erékùṣù Edisto ní South Carolina pé ilẹ̀ yẹn á padà sọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ àtijọ́. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n pé jọ sí. Ọ̀rọ̀ ò jáde dáadáa lẹ́nu ẹ̀, àwọn èèyàn ń kùn, ni obìnrin kan bá gbé orin arò. Howard ní kí wọ́n dárí ji àwọn ọ̀gá wọn àtijọ́.

Èèyàn mẹ́ta tí wọ́n yàn láàárín ara wọn kọ èsì. Wọ́n ní, ẹ ní ká dárí ji àwọn onílẹ̀ erékùṣù wa, apá ọ̀tún yín nìkan lẹ pàdánù lójú ogun, ẹ̀yin lè dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó so mí mọ́ igi tó nà mí ní ẹgba 39, tó bọ́ ìyá mi àti arábìnrin mi síhòòhò tó nà wọ́n, tí ò tún ní jẹ́ kí n gbé inú ahéré ẹ̀ tó ṣófo àyàfi tí mo bá gbin oko fún un ní iye tó bá wù ú, mi ò lè dárí ji ọkùnrin yẹn. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àwọn bàbá wa ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

Ọjọ́ Kérésìmesì 1868 ni Johnson wá dárí ji gbogbo ọlọ̀tẹ̀ tó kù, láìbéèrè lẹ́tà kankan mọ́. Ilé ìyàwó Lee ní Arlington tí ìjọba gbà tí wọ́n ń sin ṣọ́jà sí, kọ́ọ̀tù tó ga jù dá ọmọ Lee láre lórí ẹ̀ ní 1882, ìjọba sì san 150,000 dọ́là fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ará Edisto náà kọ̀wé sí Johnson, wọ́n sọ fún un pé àwọn ti ṣe tán láti san owó ilẹ̀ yẹn nígbàkígbà tí ìjọba bá béèrè. Ìjọba ò béèrè.