Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Dìde Kó Tó Ṣí Ìwé: Ọ̀rọ̀ Fún Olùkọ́ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Máa Kọ́ni ní Eré Orí Ìtàgé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ ilé-ìwé girama sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde rèé. Mo tún un kọ kí àwọn tí kò ráyè wá lè rí i kà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìrìn o. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti kúrò ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ láti ìdájí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí bàtà ti ta èmi fúnra mi lẹ́sẹ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba kíláàsì SS2, wọ́n fún mi ní ìwé eré onítàn kan, mo sì kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ni ní ìtàn ìlú. Mo kọ àhunpọ̀ ìtàn sójú pátákó, mo kọ ìfìwàwẹ̀dá, ìyẹn irú ìwà tí ẹ̀dá inú ìtàn kọ̀ọ̀kan ń hù, àwọn ọmọ dà á kọ. Máàkì wọn dára. Nígbà tí sáà ń parí lọ, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí wọ́n ṣe ìran kan fún àwọn òbí. Ọmọ tó gba máàkì jù lọ bọ́ síwájú, ó dorí kodò, ó ka ọ̀rọ̀ ọba bí ẹni ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà. Ọba inú eré yẹn, ẹ̀rù ń bà á. Ọmọ náà kò mọ̀, nítorí èmi kò kọ́ ọ. Ó ń dùn mí títí dòní.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ní kí ọmọ dìde kó tó ṣí ìwé. Mo máa ń pe ọmọ méjì jáde. Mo á sọ sí ọ̀kan létí pé: “Kóńgò gàrí kan lo fẹ́ rà, owó ọwọ́ rẹ kò pé, o ò sì fẹ́ kó hàn.” Mo á sọ sí ìkejì létí pé: “Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ ni oníbàárà yìí, ó jẹ ọ́ lówó láti oṣù tó kọjá, ojú ń tì ọ́ láti sin ín.” Kò sí ọ̀rọ̀ àkọ́sórí kankan. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó ń ra gàrí bù ú díẹ̀ sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kò kan tó. Gbogbo wa mọ̀ pé owó ni kò tó. Ẹni tó ń tà á gbé ọwọ́ lé orí kóńgò, ó ń tẹ́ ẹ, gàrí tó yẹ kó ga bí òkè wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀rọ̀ gbèsè kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àmọ́ gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, kí wọ́n wá ibi tí ẹnì kan ti ń sọ ohun kan tó sì ń fẹ́ òmíràn. Wọ́n á rí i kíá. Stanislavski, òṣèré àti olùdarí eré ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1938, tẹnu mọ́ ọn gidigidi pé kí òṣèré mọ ohun tí ẹni tó ń ṣe ń wá. Àwọn ọmọ wa ti mọ̀ ọ́n láti ọjà.

Ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá ń sọ èdè Ìjẹ̀bú tàbí ti Rẹ́mọ lásìkò yìí, ẹ má pa á mọ́ wọn lẹ́nu. Yorùbá àjùmọ̀lò ní àyè tirẹ̀ nínú ìdánwò. Ọmọ tó ń ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀ kò lè ṣeré.

Ẹ wo bí òṣèré ṣe ń wọlé sórí ìtàgé náà. Ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, kò sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tó kàn ń rìn wọlé lásán. Aṣọ wọn dọ́gba, ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀lé ìlù. Àwọn ìdílé Balógun sì dé lórí ẹṣin. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, a ti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ ní kí ọmọ gba ẹnu ọ̀nà kíláàsì wọlé lẹ́ẹ̀mẹta: bí onílé, bí ẹni tó wá yá owó, bí ẹni tó gbé ìròyìn òkú wá. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ojúde Ọba ni mo sọ o, mi ò sọ Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú tó ń jáde bí eégún. Obìnrin kì í wo Agẹmọ, tọkùnrin tobìnrin ló sì wà ní kíláàsì wa.

Ọ̀sọsà tó wà nítòsí wa níbí ni wọ́n ti bí Hubert Ogunde ní 1916. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe ọlọ́pàá. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Orin àti ijó ni wọ́n fi ń ṣí eré rẹ̀, kí ara òṣèré lè gbóná, kí ọkàn òǹwòran sì kúrò nínú wàhálà tó gbé wá láti ilé. Ẹ fi orin ìṣẹ́jú márùn-ún ṣí kíláàsì tiyín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé eré lásán ni, ẹ rán an létí pé ní 1964 ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ Ogunde nítorí eré kan.

Àwọn kan nínú yín ń kọ́ ọmọ fún A-level. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí orí ìwé nìkan ni WAEC ti ń béèrè eré onítàn lọ́wọ́ ọmọ wa. Nínú iṣẹ́ Drama and Theatre ti AQA, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ní England, ìdá 40 nínú 100 ló wà fún ìdánwò oníwákàtí mẹ́ta. Ìdá 60 tó kù wà fún eré tí ọmọ ṣe àti àkọsílẹ̀ bó ṣe ṣe é. Níbi tí wọ́n ti ń dá eré tiwọn sílẹ̀, máàkì 20 ni eré fúnra rẹ̀, 40 ni ìwé àkọsílẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ọmọ ti máa kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí a dán wò, ohun tí a pa tì, ìdí tí a fi pa á tì. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, irọ́ ni yóò kọ.

Dorothy Heathcote náà ràn mí lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọmọ ọdún 14, kó tó wá di olùkọ́ àwọn olùkọ́ ní England. Ohun tó máa ń ṣe ni pé òun náà á wọ inú eré. Mo dán an wò: mo kúnlẹ̀ níwájú kíláàsì bí ìránṣẹ́ tó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí ìlú má lé ọ̀gá òun. Àwọn ọmọ tí kì í lanu dìde, wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè bí ìjòyè.

Kí a tó túká, olùkọ́ kan láti ìhà Rẹ́mọ na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Mà, àwọn ọmọ tèmi lé ní 70. Bí mo bá ní kí wọ́n dìde, ariwo á gba gbogbo ilé-ìwé.” Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kí ọmọ méjì péré dìde. Kí ìlà àkọ́kọ́ máa wo ọwọ́ wọn, kí ìkejì máa wo ẹsẹ̀, kí ìkẹta dijú kí wọ́n máa gbọ́ ohùn. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó bá rí tàbí tó bá gbọ́. A dán an wò lójú ẹsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ra gàrí. Àwọn tó dijú ló kọ́kọ́ sọ fún un pé ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kó tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.