Dìgírì lẹ́nu iṣẹ́: ohun tí ojú mi rí nínú ìkọ́ṣẹ́ sọ́fítíwíà ní England

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni ẹ ní kí n wá sọ, ṣùgbọ́n mo mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí: ọmọ tó yege dáadáa nínú A-level, kí ló kàn án kan ìkọ́ṣẹ́? Nílé lọ́hùn-ún, ọmọ tí orí rẹ̀ ò gba ìwé la ń mú lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀ tàbí mẹkáníìkì. Èyí tí orí rẹ̀ gbà á, yunifásítì ló ń lọ. Èrò yẹn bá wa wọ bàálù, ó sì bá wa dé Peckham ní London.

Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti da ìkọ́ṣẹ́ àti yunifásítì pọ̀ ní England. Ilé-iṣẹ́ á gbà ọ́ síṣẹ́, á máa san owó oṣù fún ọ, yunifásítì á sì máa kọ́ ọ, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. BSc Digital and Technology Solutions lorúkọ dìgírì náà, software engineer, ìyẹn ẹni tó ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka tó wà lábẹ́ rẹ̀. Yunifásítì Manchester Metropolitan ń ṣe é, ti Aston ń ṣe é, Open University náà ń ṣe é. Dìgírì gidi ni. Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀nà ẹ̀bùrú ni, tó bá débẹ̀ á rí i pé ó le ju kí èèyàn kàn lọ jókòó sí kíláàsì lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í san kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì jẹ́ £9,535 ní sáà 2025 sí 2026. Ta wá ló ń san án? Láti April 2017, ilé-iṣẹ́ tí owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́dún ni ìjọba ń gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú owó yẹn ni wọ́n ti ń san owó ẹ̀kọ́ ọmọ iṣẹ́. Bí wọn ò bá ná an títí àkókò fi kọjá, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Torí náà, ẹ má rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe ọmọ yín.

Iye wákàtí kan wà tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́, nínú àkókò iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Lórí ìwé nìyẹn o! Ọjọ́ Wednesday ni tèmi, ọ̀gá kan sì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ìpàdé máa ń wù ú í pè. Ọmọ tí kò bá lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ẹ̀kọ́ mi ni" á máa kàwé lóru. Ọmọ Yorùbá tí a ti kọ́ pé a kì í já àgbà lẹ́nu, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti kọ́kọ́ làágùn, kì í ṣe nídìí kóòdù.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan hàn yín. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà ní aago kan ààbọ̀ òru. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ kí n tó dé. Lọ́dọọdún, àwọn kan á pe wá pé lẹ́tà kan náà dé ọwọ́ àwọn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kí n wò ó. Mo to ọjọ́ tí wọ́n pè wá jọ, gbogbo rẹ̀ lọ sídìí Sunday tó kẹ́yìn nínú October, ọjọ́ tí wọ́n ń dá aago padà ní Britain. Lóru ọjọ́ yẹn, bí aago bá lu méjì, wọ́n á dá a padà sí kan, aago kan ààbọ̀ á sì wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ní March ẹ̀wẹ̀, aago á fo láti kan bọ́ sí méjì, kan ààbọ̀ ò ní sí rárá, lẹ́tà ọjọ́ yẹn ò sì ní lọ. Ìyẹn gan-an kò sẹ́ni tó tíì fura sí i, torí ta ni yóò pè pé lẹ́tà tí òun ò mọ̀ nípa rẹ̀ kò dé? Èmi tí wọ́n tọ́ n'Íbàdàn, níbi tí aago kì í yí, ó yà mí lẹ́nu.

A gbé ètò náà sórí UTC, ìyẹn aago àgbáyé tí kì í yí, a sì jẹ́ kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́tà báyìí ti lọ, tó fi jẹ́ pé bó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni lẹ́tà á jáde. Nígbà tí olùkọ́ wa wá dé orí transaction, ìyẹn bí iṣẹ́ kan ṣe gbọ́dọ̀ parí pátápátá tàbí kó má ṣẹlẹ̀ rárá, nínú ẹ̀kọ́ database, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, kò nílò láti bẹ̀ mí kí n tẹ́tí. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn yòókù ní kíláàsì, oníkálukú pẹ̀lú ìṣòro tó gbé wá láti ibi iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní ìparí, wàá ṣe iṣẹ́ àkànṣe kan níbi iṣẹ́, àwọn olùdánwò á sì fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò lórí ohun tí o ti ṣe. Ẹ̀rí ni wọ́n ń fẹ́, torí náà a máa ń kọ ohun tí a bá ṣe sílẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé yìí máa ń sú èèyàn.

Àdánù wà ńbẹ̀ o. Kò sí ìsinmi oṣù mẹ́ta, kò sí họ́sítẹ̀lì àti òru àríyá. Ọmọ ọdún méjìdínlógún á máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ nígbà táwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ṣì ń sùn. Ọmọ tó bá sì wà níbí lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe é rárá, wọ́n sì tún sábà máa ń béèrè pé kí ọmọ ti gbé nílùú yìí fún ọdún mẹ́ta.

Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ ó kọ̀wé sí, oníkálukú wọn ló sì ní ọjọ́ tirẹ̀, àwọn mìíràn á ti ṣílẹ̀kùn láti September. Kí ọmọ fi orúkọ sílẹ̀ ní UCAS náà, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún yunifásítì, kò sí òfin tó ní kó má ṣe méjèèjì. Ó yá, mo rí ọwọ́ kan lókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún.