Ìjàkadì Inú Kóró Átọ́ọ̀mù

Ẹ fojú inú wo àwòrán kan. Lójú ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀, àbàwọ́n lásán ni. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 1896, ní Paris, Henri Becquerel fi bébà dúdú wé àwo fọ́tò kan, ó gbé iyọ̀ uranium lé e lórí, ó sì tì í mọ́ inú dúróọ̀. Oòrùn ló ń retí. Ó gbà pé àfi kí oòrùn kọ́kọ́ pa iyọ̀ náà kí ìtànṣán tó lè jáde lára rẹ̀. Ìkùukùu ò jẹ́ kí oòrùn yọ. Nígbà tó fọ àwo náà wò, ibi tí iyọ̀ wà ti sàmì sórí rẹ̀ kedere.

Oòrùn ò pa á. Iná ò yá a. Agbára yẹn ń jáde láti inú uranium fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1898, Marie Curie àti Pierre ọkọ rẹ̀ rí ẹ́límẹ́ǹtì tuntun méjì, polonium àti radium, Marie ló sì sọ ohun ìyanu yìí lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní: radioactivity.

Ibo ni agbára náà ti ń wá? Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ìbéèrè yìí, torí pé ibi kan náà ni iná mànàmáná tí wọ́n ń fi núkílíà ṣe ti ń wá.

Ní àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, kóró kékeré kan wà tí ìwé físíìsì ń pè ní nucleus. Inú rẹ̀ ni prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù ń gbé. Ká ní a lè fẹ átọ́ọ̀mù uranium kan títí yóò fi fẹ̀ tó kìlómítà 1, kóró rẹ̀ ò ní ju sẹ̀ǹtímítà bíi mélòó kan lọ. Prótọ́ọ̀nù 92 ló há sínú àyè tóóró yẹn, charge gbogbo wọn jẹ́ pọ́sítíìfù, ẹ sì ti kọ́ ọ pé pọ́sítíìfù méjì kì í fẹ́ gbé pọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn dànù. Kí ló wá ń dè wọ́n pọ̀?

Agbára mìíràn ni, strong force. Ó le ju agbára títì yẹn lọ fíìfíì, àmọ́ apá rẹ̀ kúrú. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an nìkan ló lè dì mú. Títì ní tirẹ̀ ò mọ ibi jíjìn: prótọ́ọ̀nù tó wà ní etí kóró níhìn-ín ń ti èyí tó wà ní etí kejì. Bí kóró bá kéré, ìdìmú á borí. Bó bá ti ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni títì ń kóra jọ, ṣùgbọ́n ìdìmú ò kọjá ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Niútírọ́ọ̀nù ń ran ìdìmú lọ́wọ́, nítorí pé òun ń dì mú láìti ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Tí a bá ti kọjá òjé, tó ní prótọ́ọ̀nù 82, kò sí ẹ́límẹ́ǹtì kankan mọ́ tí kóró rẹ̀ lè wà títí láé láìyí padà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìjàkadì yìí. Òun la ó máa padà sí.

Kóró tí ara ò rọ̀ máa ń wá ọ̀nà ìtura. Nígbà mìíràn, á ju prótọ́ọ̀nù 2 àti niútírọ́ọ̀nù 2 síta lẹ́ẹ̀kan náà. Álífà nìyẹn. Bí uranium-238 (238 ni iye prótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù inú kóró rẹ̀ lápapọ̀) bá ju álífà, ó di thorium-234. Nígbà mìíràn, niútírọ́ọ̀nù kan nínú kóró á di prótọ́ọ̀nù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á sì fò jáde. Bẹ́tà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni carbon-14 ṣe ń di nitrogen-14. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣi èyí mú: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bẹ́tà kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn tó ń yí kóró po. Inú kóró ni wọ́n ti bí i, ní ìṣẹ́jú àáyá tó jáde gan-an. Gámà ní tirẹ̀ kì í yí orúkọ ẹ́límẹ́ǹtì padà. Agbára tó ṣẹ́ kù sínú kóró ló ń dà nù bí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí.

Bébà kan lè dá álífà dúró. Alumíníọ́mù tí kò nípọn ju mìlímítà mélòó kan lọ lè dá bẹ́tà dúró. Gámà ń fẹ́ òjé tàbí kọnkéré tó nípọn, èyí náà kàn ń dín in kù ni. Ẹ má torí ìyẹn rò pé álífà ò léwu. Bí ohun tó ń ju álífà bá wọ inú ara, nípa mímí tàbí jíjẹ, kò sí bébà láàárín òun àti ẹran ara mọ́, gbogbo agbára rẹ̀ ló máa tú sí ojú kan. Ẹ sì mọ ìyàtọ̀ yìí: ẹni tí ìtànṣán gámà kọjá lára rẹ̀ kò di ohun tó ń tan ìtànṣán. Ẹni tí eruku radioactive bà lé lára ló ń gbé e kiri.

Ó wá kan half-life, ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ mú kóró kan ṣoṣo. Kò sí onímọ̀ kankan láyé tó lè sọ ìgbà tó máa fọ́. Kóró kì í darúgbó. Èyí tó ti wà láti bílíọ̀nù ọdún àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀dá láàárọ̀ yìí, bí wọ́n bá jẹ́ irú kan náà, bákan náà ni wọ́n ṣe lè fọ́ tó ní wákàtí tó ń bọ̀. Ooru iná ò mú un yára, yìnyín ò dá a dúró. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó wọn jọ ní àìmọye, àkókò tí ìdajì wọn máa fi yí padà ò ní yẹ̀. Ti iodine-131 jẹ́ ọjọ́ 8. Bí ẹ bá ní gíráàmù 80, lẹ́yìn ọjọ́ 8 ó ku 40, lẹ́yìn ọjọ́ 16 ó ku 20, lẹ́yìn ọjọ́ 24 ó ku 10. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ó tán pátápátá ní ọjọ́ 16 ti kùnà. Gíráàmù 70 yòókù náà ò sì pòórá. Ó ti di xenon.

Half-life technetium-99m, tí àwọn dókítà ń fún aláìsàn kí wọ́n lè ya àwòrán inú ara, jẹ́ wákàtí 6. Ti radium-226 tó ọdún 1,600. Ìdí nìyẹn tí ìwé àkọsílẹ̀ Marie Curie, ẹni tó kú ní 1934, fi wà nínú àpótí òjé ní ilẹ̀ Faransé títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìjàkadì wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1938, ní Berlin, Otto Hahn àti Fritz Strassmann ju niútírọ́ọ̀nù lu uranium, wọ́n sì bá barium níbẹ̀. Barium! Prótọ́ọ̀nù 56 péré ló ní. Báwo ni 92 ṣe di 56? Lise Meitner, tó ti sá kúrò ní Jámánì lọ sí Sweden, àti Otto Frisch, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló rí ìdáhùn. Kóró uranium dà bí ẹ̀kán omi ńlá. Niútírọ́ọ̀nù wọlé, ó mì, ó fà gùn, ọrùn yọ láàárín rẹ̀. Nígbà tí ọrùn yẹn já, apá kúkúrú strong force ò lè kan òdìkejì mọ́. Títì nìkan ló kù, ó sì ju ìlàjì méjèèjì síta tipátipá.

Agbára núkílíà nìyẹn. Àwọn ìlàjì yẹn ń kọlu átọ́ọ̀mù tó yí wọn ká, ohun gbogbo ń gbóná, omi ń hó, ooru omi ń yí tọ́báìnì. Bí ẹ bá wọn gbogbo ohun tó jáde, ẹ ó rí i pé ó fúyẹ́ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ìwọ̀n tó dín yẹn ni Einstein ń sọ nínú E = mc²; ẹ fi ìyára ìmọ́lẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí i pé díẹ̀ kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Agbára tó wà nínú kílò 1 uranium-235 ju ti kílò 1 èédú lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù 2 àti jù bẹ́ẹ̀.

Niútírọ́ọ̀nù 2 tàbí 3 tún máa ń jáde nígbà tí kóró bá là, àwọn náà á lọ la òmíràn. Enrico Fermi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú irú ìtẹ̀léra yìí dúró fúnra rẹ̀, ní Chicago, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1942. Nínú ilé iṣẹ́ iná, omi tàbí gíráfáìtì ló ń dín ìyára niútírọ́ọ̀nù kù kí uranium-235 lè gbé e mì dáadáa, ọ̀pá boron tàbí cadmium ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù. Tí ọ̀pá yẹn bá wọlé pátápátá, lílà á dúró. Àmọ́ àwọn àfọ́kù kóró ṣì ń tan ìtànṣán, ooru wọn ò sì gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Half-life ni. Ní Fukushima, ilé iṣẹ́ iná núkílíà kan ní Japan, ní oṣù Kẹta ọdún 2011, lílà ti dúró nígbà tí ilẹ̀ mì. Ìgbì òkun ló pa ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fa omi sí uranium ibẹ̀ kó má bàa gbóná jù, ooru tó kù yẹn ló sì yọ́ uranium náà.

Ibi ìkẹyìn tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni Oklo, ní Gabon. Ní 1972, àwọn ará Faransé ṣàkíyèsí pé uranium-235 inú òkúta ibẹ̀ dín díẹ̀ sí iye tó yẹ. Nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn, apá kan rẹ̀ ti là nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ti inú ilé iṣẹ́ iná. Omi tó ń ṣàn wọ inú òkúta ló ń dín ìyára niútírọ́ọ̀nù kù. Bí omi bá hó tán, lílà á dúró. Bí omi bá tún dé, á bẹ̀rẹ̀. Lóde òní, uranium inú ilẹ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, torí pé uranium-235 inú rẹ̀ kò ju 0.7 nínú 100. Half-life rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 700 ọdún. Ẹ mú bírò: láti bílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti pín sí méjì, ìlọ́po mélòó iye uranium-235 tó kù lónìí ló sì wà nígbà náà?