Ọjọ́ Wo Lẹ Máa Dá A Dúró? Ìbéèrè fún Olùdíje Nígbà Ogun

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o. Tí ogun kan bá ti sú ará ìlú, kí ló yẹ kí wọ́n gbà lẹ́nu olóṣèlú tó wá tọrọ ìbò? Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti ogun Vietnam ni mo fẹ́ fi dáhùn.

Lọ́dún 1967, Allard Lowenstein, ọmọ ẹgbẹ́ Dẹmọ́kírátì tó ń ta ko ogun náà, ń wá ẹni tó máa bá Ààrẹ Lyndon Johnson du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Dẹmọ́kírátì nítorí ogun náà. Ó lọ bá sẹ́nétọ̀ Robert Kennedy, kò gbà. Ó lọ bá sẹ́nétọ̀ George McGovern, òun náà yẹ̀ ẹ́. Eugene McCarthy, sẹ́nétọ̀ láti Minnesota, ló gbà nígbẹ̀yìn, àwọn èèyàn ò sì kà á sí. Ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ya lọ sí ìpínlẹ̀ New Hampshire, níbi tí ìbò abẹ́nú ti kọ́kọ́ máa wáyé, láti polongo fún un. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni pé wọ́n gé irun, wọ́n fá irùngbọ̀n, kí ìyá àgbà tó bá ṣílẹ̀kùn má baà rò pé ìpáǹle ló dé. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn nínú òtútù.

Nígbà tí wọ́n dìbò abẹ́nú ní ọjọ́ 12, oṣù kẹta, 1968, Johnson gba nǹkan bí ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún, McCarthy gba 42. Johnson ló wọlé, ṣùgbọ́n òun lojú tì. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ò ní díje mọ́.

Àwọn tó yẹ ìbò náà wò wá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò fún McCarthy ló fẹ́ kí ìjọba túbọ̀ ja ogun náà kíkankíkan! Inú ló ń bí wọn. “Ogun yìí sú wa” kò sọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Níbi àpérò ẹgbẹ́ Dẹmọ́kírátì ní Chicago, oṣù kẹjọ, àwọn kan fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìpinnu rẹ̀ pé kí wọ́n dẹ́kun jíju bọ́ǹbù láìsí àdéhùn kankan. Nǹkan bí ìbò 1,567 sí 1,041 ni wọ́n fi dà á nù. Hubert Humphrey, igbákejì Johnson, ló gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń hó lé e lórí. Ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án ló tó là á mọ́lẹ̀ ní Salt Lake City pé òun á dá bọ́ǹbù dúró. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ ti ṣú.

Richard Nixon, olùdíje ẹgbẹ́ Rẹpọ́blíkà, ní tirẹ̀ ṣèlérí àlàáfíà tó níyì. Ọjọ́ wo? Kò sọ. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó fi borí, ọjọ́ 27, oṣù kìíní, 1973 ni wọ́n sì tó fọwọ́ síwèé àdéhùn àlàáfíà ní Paris. Orúkọ ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní 58,000 ló wà lára ògiri ìrántí ní Washington. Ó lé ní 20,000 nínú wọn tó kú lẹ́yìn tí Nixon búra wọlé. Ti àwọn ará Vietnam fúnra wọn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi wé Dwight Eisenhower. Lọ́dún 1952, nígbà tó ń du ipò ààrẹ, ó sọ ní Detroit pé òun á lọ sí Kòríà, níbi tí Amẹ́ríkà ti ń jagun. Ó lọ kí ọdún náà tó parí, ìbọn sì dákẹ́ ní oṣù keje, 1953. Ikú Stalin, olórí Soviet, wà lára ohun tó mú un yá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ṣeé wò bóyá ó ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń dìbò ní Amẹ́ríkà, tí olùdíje sílé aṣòfin bá kanlẹ̀kùn yín, ọ̀rọ̀ owó ogun ni kẹ́ ẹ bi í: ṣé yóò dìbò lòdì sówó ogun, láti oṣù wo? Kẹ́ ẹ ní kó fọwọ́ sí ìdáhùn rẹ̀ lórí ìwé. Owó ni ilé aṣòfin fi dá bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà ń jù sí Cambodia dúró: wọ́n ní kò gbọdọ̀ sówó fún un mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, 1973.

Màmá kan níwájú bi mí pé, “Tó bá fọwọ́ síwèé tán tó wá yí padà ńkọ́?” Mo ní, “Màmá, ọdún méjì-méjì ni aṣojú ń padà wá tọrọ ìbò. Ẹ bá wa tọ́jú ìwé náà.” Wọ́n ní àwọn á fi sínú Bíbélì.