Bí A Ṣe Ń Fi Fọ́tò Kọ Iṣẹ́ Ẹja Ẹ̀pẹ́ Sílẹ̀: Láti Èbúté Dé Orí Ààrò

Ẹ ṣí fóònù yín, kí ẹ wo fọ́tò tó wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìgbéyàwó á wà níbẹ̀, ìkómọ á wà níbẹ̀, aṣọ ẹbí lóríṣiríṣi. Ẹ wá wá ẹyọ kan tó fi ìyá tó ń yan ẹja hàn lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, láti ìgbà tí ẹja ti ń ta nínú ọpọ́n títí tó fi gbẹ. Ó ṣòro kí ẹ tó rí i.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ ẹja ni wọ́n fi mọ Ẹ̀pẹ́ káàkiri. Ère ẹja méjì tó wà ní oríta ìlú, àwọn àlejò kì í kọjá níbẹ̀ kí wọ́n má yà á. Àwọn tó ń dẹ àwọ̀n, tó ń ká ẹja, tó ń ṣẹ́ iná sábẹ́ ààrò, ìwọ̀nba ni fọ́tò wọn. Ohun tí a máa ṣe nínú fídíò yìí ni láti fi fọ́tò kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ débi pé ẹni tí kò dé Ẹ̀pẹ́ rí á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìlànà yìí kan náà ló wà fún ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó ń yan gàrí ní Ìkòròdú, àti ẹni tó ń bó àgbọn ní Àgbádárìgì.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá dé ọjà ẹja Olúwo, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn olórí ọjà lọ, kí kámẹ́rà wà nínú àpò. Ẹ kí wọn. "Ẹ kú ọjà o, ìyá. A fẹ́ ya iṣẹ́ yín sí fọ́tò, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ yọ̀ǹda?" Ẹ sọ ibi tí fọ́tò náà ń lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi àwòrán àwọn tọrọ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù yẹn kò sì ṣaláì nídìí. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọjá. Ọmọdé, òbí rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ má kọjú kámẹ́rà sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọkọ̀ ológun. Ní ti Orò àti àwọn ètùtù mìíràn, àwọn àgbà ìlú ló lè sọ ohun tí ojú lè rí. Ohun tí wọ́n bá ní ẹ má yà, ẹ má yà á ní kọ̀rọ̀.

Kámẹ́rà ńkọ́? Fóònù tó ń ya mẹ́gápíkísẹ́lì 12 ti tó. Fọ́tò rẹ̀ máa ń tó píkísẹ́lì (àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 4000 lọ́nà 3000, èyí tó ṣeé tẹ̀ dáadáa ní ìwọ̀n ínǹṣì 13 lọ́nà 10. Ohun tó ń ba fọ́tò jẹ́ ju fóònù kékeré lọ ni ọ̀rá ẹja tó ti lẹ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà. Ẹ ó rí i tí gbogbo iná á máa yọ irùngbọ̀n, tí àwòrán á sì ṣe bàìbàì bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Ẹ mú aṣọ òwú tó gbẹ dání, kí ẹ máa nù ún lóòrèkóòrè. Ẹ má fi ìka fẹ ojú fóònù kí nǹkan tó jìnnà lè tóbi, torí gígé lásán ni fóònù ń gé àwòrán náà. Ẹ fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ọn. Ẹ yẹ ọjọ́ àti aago inú kámẹ́rà wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wá ibi tí fóònù yín ti ń mú ojú dán, kí ẹ pa á pátápátá. Nǹkan yẹn máa ń pa ilà ojú rẹ́, ó sì máa ń sọ awọ ẹni àádọ́rin ọdún di ti ọmọge. Ẹ̀rí la wá yà, a ò wá ṣe ẹwà.

Ní agbègbè wa, láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje ni oòrùn ń yọ, ì báà jẹ́ òjò ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìgbà náà títí di bí aago mẹ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ó sì máa ń fi bí ara nǹkan ṣe rí hàn: ìpẹ́ epìyà, ojú àwọ̀n, iṣan ọwọ́. Tí oòrùn bá ti gun àárín orí, kòtò ojú á dúdú, gèlè àti fìlà á ju òjìji bolẹ̀ sí iwájú orí. Ẹ wọ abẹ́ ibòji nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún tapólì aláwọ̀ búlúù. Abẹ́ rẹ̀ tutù lóòótọ́, àmọ́ ẹja á yọ búlúù, ojú ènìyàn náà á yọ búlúù, kò sì rọrùn láti tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Ìṣòro mìíràn tí ẹ ó bá pàdé ni ara dúdú níwájú omi tó ń tàn. Fóònù máa rí ọ̀sà àti ojú ọ̀run, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Bí apẹja ṣe máa di òjìji nìyẹn. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù. Tí àmì oòrùn kékeré bá jáde, ẹ fà á sókè díẹ̀. Bí ọ̀run bá funfun jù lẹ́yìn rẹ̀, kó máa funfun. Ojú ènìyàn ló ṣe kókó.

Ó kan iṣẹ́ gan-an báyìí, ibẹ̀ la ó sì pẹ́ sí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ní ti ẹja àrọ̀ yíyan, ó lè rí báyìí: ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní èbúté, wọ́n da ẹja sínú ọpọ́n, wọ́n ṣà á, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, wọ́n dúnàá dúrà, wọ́n pa á, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi iyọ̀ bọ́ ọ̀yọ̀ ara rẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ so orí mọ́ ìrù, wọ́n tò ó sórí wáyà ààrò, wọ́n dá iná, wọ́n ń yí i padà, wọ́n kó o sínú apẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́tàlá nìyẹn. Ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́ta: láti ọ̀ọ́kán, kí a rí ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ àti àwọn tó yí i ká, láti àárín, kí a rí ènìyàn àti irinṣẹ́ rẹ̀, àti láti ìtòsí, kí a rí ọwọ́ nìkan. Fọ́tò mọ́kàndínlógójì rèé, láì ka àwọn tí kò dára.

Fọ́tò ọwọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù, òun gan-an ló sì ń kọ́ni níṣẹ́. Níbo ni igi ti wọlé lára ẹja? Apá ibo ni ó ti jáde? Ìka wo ni ó fi di orí rẹ̀ mú? Tí fọ́tò kò bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ tún un yà láti ẹ̀yìn èjìká ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kí ojú kámẹ́rà lè rí ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ ń rí.

Bí wọ́n bá rí kámẹ́rà, wọ́n á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n á gbé ojú sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ ya ìyẹn fún wọn, inú wọn á dùn sí i. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó. Tí ẹja bá ń jóná, kò sẹ́ni tó máa rántí kámẹ́rà mọ́.

Inú ilé ìyanja ló le jù. Ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀, inú ṣókùnkùn. Tí ẹ bá dúró sínú tí ẹ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ìyá tó wà láàárín á dúdú kirikiri. Ẹ yí padà kí ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn yín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ má tan iná fóònù, torí gbogbo èéfín tó wà níwájú yín ni iná náà máa tàn yòò, yóò sì bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí èéfín máa lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí èéfín náà hàn, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, kí ohun dúdú wà lẹ́yìn, bí ògiri tó ti gba ẹ̀dú. Àwọn kan á yára sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú àti funfun kó lè jọ ti ayé àtijọ́. Kí ni wọ́n rí jèrè? Àwọ̀ ẹja ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ti gbà tàbí kò tíì gbà.

Lórí omi, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ má dìde láti ya fọ́tò. Ẹ fi okùn gbé fóònù kọ́ ọrùn, kí ẹ sì mú ọ̀rá nylon dání. Tí ẹ bá wá nínú mọ́tò tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ooru ìta máa bo ojú kámẹ́rà bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi sínú ọ̀rá tó wà ní dídì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó yọ ọ́ jáde. Ẹni tó ń ju àwọ̀n, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bọ́tìnnì ni kí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí fóònù máa yà á léraléra. Lórí kámẹ́rà ńlá, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ló ń dá àwọ̀n dúró sójú òfúrufú.

Irinṣẹ́ náà yẹ ní fọ́tò tirẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ tí kò ní bátànì sílẹ̀, ẹ fi ìgèrè tàbí àjẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn, kí ẹ yà á láti òkè gbọnrangandan. Bí ẹ bá ya ìgèrè ogún, kí gbogbo wọn rí bákan náà. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó gbé ayé láti 1930 sí 2014, ṣe irú èyí pẹ̀lú irun dídì. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968, irun tó yà sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀yìn orí ló ti ya ọ̀pọ̀ nínú wọn, níwájú ibi tí kò ní ohunkóhun, tí orúkọ irun, bí onílé gogoro, sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí pé ọ̀nà kan náà ló gbà yà wọ́n, ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí, ìyàtọ̀ irun ni. Kì í ṣe ìyàtọ̀ kámẹ́rà.

Orúkọ! Fọ́tò tí a kọ "obìnrin ẹlẹ́ja" sí abẹ́ rẹ̀ ti sọ ìdajì iyì rẹ̀ nù. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà bí òun fúnra rẹ̀ ṣe pè é, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ibi tó wà gan-an, ọjọ́, oṣù àti ọdún, àti ẹni tó ya fọ́tò. Ẹ bi í pé kí ló ń pe igi yẹn, kí ló ń pe wáyà yẹn. Ohun tí ará Ẹ̀pẹ́ ń pè é lè yàtọ̀ sí ohun tí Ìlàjẹ tàbí Ògù ń pè é; ẹ kọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn rẹ̀. Ọjọ́ náà ni kí ẹ kọ ọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ojú á ti dàpọ̀ mọ́ ojú.

Tí ẹ bá délé, ẹ sọ fáìlì ní orúkọ tó máa to ara rẹ̀ sórí ìlà: 2025-03-14_Epe_Oluwo_aro_001. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì, àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn máa ń sọ ọ́ di wúruwùru. Inú àkọsílẹ̀ ni àmì ohùn ń gbé. Ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp kí ẹ wá pa ti inú fóònù rẹ́. WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù, ó sì máa ń yọ ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á kúrò nínú fáìlì. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbà á níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí hard disk, ọ̀kan ní ibòmíràn tí iná tàbí omi kan náà kò ti lè bá wọn pa pọ̀.

Fọ́tò àtijọ́ tó wà nínú ilé ńkọ́? Ọdún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kúrò ní Èkó, tó fi wá sí Ẹ̀pẹ́. 1862 ló tó padà sí Èkó. Àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́, ìran àwọn tó bá a wá, ṣì ń fi àjọ̀dún Káyọ̀káyọ̀ rántí dídé yẹn lọ́dọọdún, fọ́tò àjọ̀dún náà sì pọ̀ nínú álúbọ́ọ̀mù. Nígbà tí ẹ bá ń wò wọ́n, ẹ wo ẹ̀yìn àwọn tó dúró: irú páànù tó wà lórí ilé, ọ̀nà bóyá wọ́n ti dá ọ̀dà sí i, mọ́tò, pátákó ìsọ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ìlú sá pamọ́ sí.

Bí scanner bá wà, ẹ lo ìwọ̀n 600 dpi (àmì kéékèèké 600 nínú ínǹṣì kan) fún fọ́tò ínǹṣì 4 lọ́nà 6. Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò ti tàn sí i tààrà, kí fóònù dúró lókè rẹ̀ ní ọgbọọgba. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, torí òǹtẹ̀ ayàwòrán àti ọjọ́ lè wà níbẹ̀. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì tàbí ojú ìwé álúbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti yà á. Ẹ má fi omi nù ún, ẹ má ṣe é ní lamination, ẹ má fi báírò kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsùlù tó rọ̀, 2B, ló dára. Àpò ìwé ni kí ẹ kó wọn sí. Nylon máa ń há ooru mọ́ wọn lára. Kí wọ́n jìnnà sí ilẹ̀ àti ògiri, nítorí ikán.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ fọ́tò àpẹẹrẹ jáde ní ínǹṣì 4 lọ́nà 6, kí ẹ kó o padà lọ sí Olúwo fún àwọn tó ni iṣẹ́. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n á sì ní àtúnṣe: obòkún ni ẹja yìí, kì í ṣe àrọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni èyí, èmi kọ́. Ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ lójú wọn, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.