Bọ́ọ̀lù tó ní ara

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, èmi náà tún rè é. Lónìí kì í ṣe Chicago ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ o, Ìlọrin ni mo wà, Tanke, nílé àbúrò mi, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ gbùùù lẹ́yìn ohùn mi, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ni, ẹ bá mi fara dà á.

Ọmọ àbúrò mi ló dá ọ̀rọ̀ òní sílẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni. Àná ló gbé fóònù bàbá ẹ̀ wá bá mi, ó ní "Dádì Chicago, ẹ wá wo máàkì mi," pinball ló ń gbá, géèmù tí wọ́n ti ń fi apá kékeré méjì gbá bọ́ọ̀lù lórí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó má bàa já bọ́ sínú ihò nísàlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, wallahi. Mo ní gbé e wá, ṣé o mọ ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀ ni? Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ já bọ́ kí n tó jókòó dáadáa. Ìkejì náà. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn ń wò mí bí ìgbà téèyàn ń wo aláìsàn, ó wá ní ṣé bí ti gidi náà ṣe le nìyí, mi ò wá mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Torí orí kọ̀ǹpútà lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀, níbí yìí náà, ní Tanke. Àwọn tó ṣe Unilorin láyé ìgbà yẹn á rántí night browsing, ká sanwó kafẹ́ ká wà níbẹ̀ di ìdájí, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wá lọ, ó sì máa ń lọ ṣá, kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Space Cadet ni, pinball tó wà nínú Windows XP. Z ni apá òsì, àmì / ni apá ọ̀tún, spacebar la fi ń yin bọ́ọ̀lù jáde. Kọ̀ǹpútà kan wà ní kọ̀rọ̀ tí lẹ́tà Z ti parẹ́ pátápátá lójú kíbọ́ọ̀dù ẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́. Nígbà tí Windows Vista dé, a ò rí géèmù yẹn níbẹ̀ mọ́. Raymond Chen, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ló sọ ìtàn ẹ̀ pé wọ́n ń gbé e lọ sórí irú Windows tuntun tí wọ́n ń pè ní 64-bit, ni bọ́ọ̀lù bá ń gba inú nǹkan kọjá bí iwin, wọ́n wá ìdí ẹ̀ títí, wọn ò rí i, wọ́n bá yọ ọ́ kúrò. Bọ́ọ̀lù tí ò ní ara, ṣé ẹ rí i.

Mo wá dé Chicago, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ilé pinball. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Gottlieb ti fi apá tó ń gbá bọ́ọ̀lù sára ẹ̀rọ lọ́dún 1947, kó tó dìgbà yẹn, tóo bá ti yin bọ́ọ̀lù, ó kù sọ́wọ́ orí ẹ. Abájọ tí New York fi kà á sí tẹ́tẹ́, wọ́n fòfin dè é láti 1942 títí di 1976, ọdún tí Roger Sharpe, tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, lọ gbá a níwájú àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣe é. Ìyá mi l'Ọ̀fà ò gbà fún Sharpe o, wọ́n ní tẹ́tẹ́ ni, kí n lọ kírun.

Ilé ọtí kan ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ yẹn, omi ọsàn ni mo mu o, ìyá mi lè máa gbọ́. Mo ki dọ́là 1 bọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù 3, kò tó ìṣẹ́jú 2 tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi wọ ihò. Mo ní ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ ni. Bàbá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn mi bọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ kan náà, wọ́n gbé apá ẹ̀rọ sókè, bọ́ọ̀lù yí wá sínú kọ̀rọ̀ ẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó sùn, wọ́n tiẹ̀ mu ọtí ẹnu kan kí wọ́n tó gbá a. Tí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ ya sí ẹ̀gbẹ́ tó máa gbé e lọ, wọ́n á fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀rọ, díẹ̀ báyìí, á sì padà.

Èmi náà tì í. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa, mo tì í bí ẹni fẹ́ dá a. Apá méjèèjì bá rọ, bọ́ọ̀lù ń yí lọ sínú ihò níṣojú mi, mo ń tẹ bọ́tìnì, kò dáhùn. Tilt ni wọ́n ń pe ìyẹn. Irin kan ló so rọ̀ nínú ikùn ẹ̀rọ láàárín òrùka irin, tóo bá mì í jù, irin á kan òrùka, ó parí nìyẹn.

Ẹni tó ni ẹ̀rọ sì lè gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ sókè kọjá dìgírì 6.5 tó yẹ kó wà, bọ́ọ̀lù á máa sáré, owó yín náà á máa sáré. Rọ́bà á gbó, pákó á dọ̀tí. Ẹ̀rọ méjì á máa jẹ́ orúkọ kan náà, ìwà wọn ò ní jọra. Ti fóònù, bó ṣe rí ní Tanke ló rí níbi gbogbo, tóo bá ti há a sórí, o ti mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀ ẹni tó bá ní ti fóònù rọrùn, kó wá gbá a pẹ̀lú ọwọ́ tèmi yìí. Lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ mi máa ń gbọ́ bọ́ọ̀lù kójú mi tó rí i, ó ń gbọ̀n wá látinú pákó. Lórí gíláàsì fóònù, kò sí nǹkan kan. O fọwọ́ kàn án, á kọ́kọ́ ronú díẹ̀ ná, kó tó gbé apá sókè bọ́ọ̀lù ti lọ. Títì náà, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló ní, bóo fẹ́ jẹ́jẹ́ bóo fẹ́ gidi. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún gbọọrọ kọ́ sọ́rùn ọwọ́, kò wúlò níbẹ̀, lọmọ ọdún 11 bá nà mí.

Láàárọ̀ yìí èmi pẹ̀lú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà lójú títì, ó fún wa ní bọ́ọ̀lù bẹ́ríǹ ńlá kan, ó jọ ti pinball tó máa ń wọn gíráàmù 80. A gbé pákó ẹsẹ̀ bàtà 3 àbọ̀ lé búlọ́ọ̀kù 5 inches, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀ sún mọ́ 6.5 yẹn dáadáa. Ọmọ náà mú rúlà 2 lọ́wọ́ bí apá ẹ̀rọ, mo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ látòkè. Rúlà kan ṣẹ́. Bọ́ọ̀lù gbá a ní àtàǹpàkò, ó ń ju ọwọ́ kiri, ó ní "Ó wúwo o!" Mo ní ẹn-ẹ́n. Ìgbà tá a ó fi gbá a tó ìgbà 20, ó ti ń fi orúnkún ti pákó fúnra ẹ̀, mi ò kọ́ ọ o. Ó ní rúlà ò dáa, igi tá a wé rọ́bà mọ́ ló yẹ, pé ká lọ tọrọ túùbù lọ́wọ́ fọ́kánásà lọ́la kí wọ́n tó kó o dànù. Òun ló ń kanlẹ̀kùn yẹn, ẹ jẹ́ n lọ dá a lóhùn. Ó dàbọ̀ o.